Ìbuwọ́lù ímeèlì òṣìṣẹ́ 46: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Adó-Èkìtì

Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oníbàárà kan tó máa ń ra ìrẹsì lápò-lápò gba lẹ́tà mẹ́ta lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ti ọ́fíìsì àgbà ní Adó wá, pẹ̀lú lógò aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Èkejì ti ẹ̀ka Ìkéré wá. Lógò pupa tí wọ́n ti pa tì ló wà lórí rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì tó sì gbé wá jẹ́ ti ilé tí ẹ̀ka náà ti kó kúrò. Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó. Orúkọ ìnagijẹ àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì nìkan ló wà nídìí rẹ̀.

Oníbàárà náà kò san kọ́bọ̀. Ó pe ọ́fíìsì àgbà, ó ní kí wọ́n sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti oníjìbìtì fún òun. Òṣìṣẹ́ gidi ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kò sí ohun tí oníbàárà lè fi mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. Ìpè yẹn ló mú kí ilé-iṣẹ́ náà wá bójú tó ìbuwọ́lù ímeèlì, ìyẹn ìlà mélòó kan tó máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sígínéṣọ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà, tí a kò ní dárúkọ, ń bó ìrẹsì, ó sì ń tà á. Ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkéré, Ìjerò, Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Òṣìṣẹ́ 46 ló ní ímeèlì ilé-iṣẹ́, orí Google Workspace, ìyẹn ètò ímeèlì àti ìwé tí Google ṣe fún ilé-iṣẹ́, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún ibi márààrún.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́

Kí wọ́n tó tún ohunkóhun ṣe, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ọ̀kan láti orí kọ̀ǹpútà, èkejì láti orí fóònù. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ fo ibí yìí. Ohun tí ọ̀gá ń rí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kọ́ ni oníbàárà ń rí, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé orí fóònù ni òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ti ń dá lẹ́tà púpọ̀ lóhùn.

Lẹ́tà orí fóònù ló tú gbogbo rẹ̀ síta. Àwọn tó ń lo áàpù ímeèlì tó bá fóònù wá kò gbé ìbuwọ́lù ilé-iṣẹ́ jáde rárá. Bí ohunkóhun bá wà níbẹ̀, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń polówó irú fóònù tí wọ́n ń lò ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbuwọ́lù tí èèyàn bá ṣètò nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà kò ní bá lẹ́tà rẹ̀ lọ bó bá gba inú áàpù mìíràn kọ ọ́. Áàpù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Áàpù Gmail gan-an ní àyè kan fún ìbuwọ́lù fóònù, ọ̀rọ̀ lásán nìkan ló sì ń gbà, kò gba àwòrán tàbí àwọ̀. Ẹni tó bá ti kọ nǹkan síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó gbàgbé, ohun náà ni yóò máa jáde títí.

Nọ́ńbà fóònù wá ní oríṣi mẹ́rin. Àwọn kan kọ òǹkà 11 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, bó ṣe yẹ nílé. Àwọn kan kọ òǹkà 10 láìsí 0. Àwọn kan fi 234 síwájú láìsí àmì +. Èyí tó burú jù ni +2340, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kò ní rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Bí +234 bá ti wọlé, 0 gbọ́dọ̀ jáde, kí òǹkà tó tẹ̀ lé e jẹ́ 10 gééré.

Nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n tó jíròrò àwọ̀ tàbí lógò. Òṣìṣẹ́ tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ilé-iṣẹ́ sí ìbuwọ́lù rẹ̀ rò pé òun ń ran oníbàárà lọ́wọ́ ni. Àmọ́ ó ń kọ́ oníbàárà láti máa gba nọ́ńbà àkáǹtì láti ìsàlẹ̀ lẹ́tà láìbéèrè. Lọ́jọ́ tí oníjìbìtì bá ṣe àfarawé lẹ́tà yẹn tó sì pààrọ̀ nọ́ńbà náà, owó ti lọ. Inú ìwé owó nìkan ni nọ́ńbà àkáǹtì yẹ kó máa wà, kí oníbàárà sì fi nọ́ńbà fóònù tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wádìí bí wọ́n bá ní ó ti yí padà.

Ìwé orúkọ ni àrùn náà

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀nà fún ilé-iṣẹ́ náà ti ya ìbuwọ́lù tó rẹwà sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyẹn ni àṣìṣe tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà tí wọ́n kó orúkọ òṣìṣẹ́ jọ, ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde: ti ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti akáǹtáǹtì tó ń san owó oṣù, àti èyí tó wà nínú Google Workspace. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára mu. Ẹni tó ti di ọ̀gá ẹ̀ka ṣì ń jẹ́ akọ̀wé nínú ọ̀kan. Obìnrin tó ti ṣègbéyàwó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbì kan, ó ń jẹ́ ti ọkọ níbòmíràn. Ẹni méjì tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì ní ímeèlì tó ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà fóònù wọn sì ṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí oníbàárà ní lọ́wọ́.

Wọ́n fi Google Sheets ṣe ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa gbára lé, wọ́n sì fi sí ìkáwọ́ ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọmọkùnrin kọ̀ǹpútà lè kà á, kò lè yí i padà. Ìpín yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹnì kan ga ni kó kọ ipò rẹ̀ tuntun, kì í ṣe ẹni tó mọ kóòdù. Òpó mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà: ímeèlì, ohun tó ṣáájú orúkọ, orúkọ, ohun tó tẹ̀ lé orúkọ, ipò, ẹ̀ka, fóònù ilé-iṣẹ́, fóònù ọwọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n yí nǹkan padà kẹ́yìn. Àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ka kò sí lára òpó wọ̀nyí. Ó wà nínú ojú ìwé kejì tó ní ìlà márùn-ún péré, ìlà kan fún ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀ka Ìkéré bá tún kó, ìlà kan ni wọ́n máa tún ṣe, kì í ṣe ìlà mẹ́jọ tí ẹnì kan á gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

Òpó fóònù ọwọ́ lè ṣófo. Nọ́ńbà ara ẹni jẹ́ ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kàn, nítorí náà wọ́n béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e síta. Àwọn tó kọ̀, fóònù ẹ̀ka nìkan ló hàn lábẹ́ orúkọ wọn. Èyí dáa fún ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú, torí pé fóònù ẹ̀ka kì í bá òṣìṣẹ́ lọ nígbà tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè

Ibí yìí ló gba àkókò jù, ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ìwé kíkà ti jẹ́ iyì, tí ìlú sì máa ń fi oyè dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá, èèyàn ibẹ̀ kì í kọ orúkọ rẹ̀ ní ìhòòhò. Ìbuwọ́lù kan wà tó ní Chief, Dr. àti Engr. níwájú orúkọ, tó tún ní JP àti ìkékúrú mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lórí fóònù, ó pín sí ìlà mẹ́ta, ipò ẹni náà nínú ilé-iṣẹ́ sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ tí ojú kò tètè tó.

Àbá àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tó dá a kò ronú jinlẹ̀. Ẹni tí ìlú rẹ̀ fi jẹ oyè kò ní gbà kí ọ̀dọ́ kan ní ọ́fíìsì yọ oyè náà kúrò lára orúkọ rẹ̀. Bó bá gbà lójú, á tún un kọ padà fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìlànà á sì ti bàjẹ́ láti òkè. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ohun kan ṣoṣo ló lè ṣáájú orúkọ, ẹni náà ló sì máa yan èyí tó fẹ́. Lẹ́yìn orúkọ, ìkékúrú ẹgbẹ́ iṣẹ́ tó bá iṣẹ́ ẹni náà níbí mu nìkan ló láàyè, bíi ti ICAN fún akáǹtáǹtì. Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè fi í sí àyè kan yẹn. Òótọ́ ni pé ìbuwọ́lù kì í ṣe oríkì. Àmọ́ ìlànà tó bá dójú ti àgbà kò ní pẹ́.

Ó kù ẹni tó máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá. Wọn kò fi sílẹ̀ fún ọmọkùnrin kọ̀ǹpútà. Olùdarí àgbà ló kọ́kọ́ yí tirẹ̀ padà, ó wá fi ìbuwọ́lù tuntun náà kọ lẹ́tà sí gbogbo èèyàn:

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, irú ìbuwọ́lù tí ẹ ń wò nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí ni gbogbo wa máa lò. Ẹ má ṣe ṣe é fúnra yín. A máa gbé e sí ímeèlì yín. Ìlà tó jẹ́ tiyín nínú ìwé orúkọ wà nínú lẹ́tà tó máa tẹ̀ lé èyí. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á dáadáa. Bí orúkọ, ipò tàbí fóònù bá ní àṣìṣe, ẹ fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bí a kò bá gbọ́ lọ́dọ̀ yín, a gbà pé ó tọ̀nà.”

Èèyàn 17 fèsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bínú rárá. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá wọn tún ṣe.

Nígbà tí Ọ̀yẹ́ di àmì ìbéèrè

Akọ̀wé kan gba ìwé orúkọ náà wálẹ̀, ó ṣí i nínú Excel, ó sì fi pa mọ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì CSV lásán, ìyẹn irú fáìlì tí kọ́mà ń pín òpó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àmì ìbéèrè. Ọ̀yẹ́ kò ṣeé kà mọ́, Ìkọ̀lé ti já sí méjì. Ó ṣẹlẹ̀ nítorí pé CSV lásán lórí Windows ń lo ìlànà àtijọ́ kan tí kò ní àyè fún àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ yàn nínú àwọn irú fáìlì tí Excel kọ sílẹ̀ ni “CSV UTF-8”. Bí lẹ́tà bá ti di àmì ìbéèrè, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà láti inú fáìlì yẹn. Ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa padà sí.

Excel kan náà jẹ 0 iwájú nọ́ńbà fóònù, ó sì sọ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 di nǹkan bíi 2.34803E+12. Ó rò pé òǹkà ìṣirò ni. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n sọ òpó fóònù di ọ̀rọ̀ lásán kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nọ́ńbà sí i. Níkẹyìn, wọ́n fòfin de gbígba ìwé náà wálẹ̀ pátápátá: orí Google Sheets ni kí oníkálukú ti ṣe àtúnṣe.

Wàhálà kejì kò hàn sí ojú. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn gbà tẹ lẹ́tà “ẹ”. Àwọn kan ní lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1EB9 (kóòdù Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan). Àwọn kan tẹ e, wọ́n wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 kún un. Àwọn kan lo bọ́tìnnì fóònù tàbí fáìlì àtijọ́ tó ń fi ìlà kékeré ìnàró, U+0329, sábẹ́ e. Lójú, ẹ ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ rí. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, nítorí náà “Ìkọ̀lé” inú ìwé orúkọ kò bá “Ìkọ̀lé” inú ìwé àdírẹ́ẹ̀sì mu, àdírẹ́ẹ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ sì ṣófo. Àṣẹ normalize('NFC') so oríṣi méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Kò kan ti ẹ̀kẹta, nítorí náà wọ́n ní láti kọ ìlà kóòdù kan tó ń sọ U+0329 di U+0323 ṣáájú kí NFC tó ṣiṣẹ́. Fún orúkọ ẹ̀ka, wọ́n tún fi àpótí yíyàn sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àmì ohùn ní ìṣòro tirẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ dá dúró, kí fọ́ǹtì sì gbé e sórí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò bá dáa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n dán fọ́ǹtì mélòó kan wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, Arial ló ṣe dáadáa jù. Fún orúkọ èèyàn, wọ́n jẹ́ kí oníkálukú yan bó ṣe fẹ́ kọ ọ́, nítorí orúkọ ẹni ni. Orúkọ tó ń hàn ní ìlà olùfiránṣẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ láìsí àmì, kí oníbàárà tó ń wá lẹ́tà lè rí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Bí ìbuwọ́lù náà ṣe rí

Ìlà márùn-ún ni. Àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ní dúdú kirikiri. Èkejì jẹ́ ipò. Ẹ̀kẹta jẹ́ fóònù, ẹ̀kẹrin jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ka, ẹ̀karùn-ún sì jẹ́ wẹ́ẹ̀bù. Lógò wà lápá òsì. Láti 1995 ni RFC 1855, ìwé ìlànà kan nípa ìwà ọmọlúàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbani nímọ̀ràn pé kí ìbuwọ́lù má ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìmọ̀ràn yẹn ṣì wúlò, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì ló mú kó di márùn-ún níbí, torí pé àgbẹ̀ àti awakọ̀ máa ń wá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá fúnra wọn.

Inú tábìlì HTML, kóòdù tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, ni wọ́n kọ ọ́ sí, gbogbo àwọ̀ àti ìwọ̀n sì wà lára ìlà kóòdù fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn áàpù kan máa ń já ìtọ́ni tó bá wà lọ́tọ̀ dànù. Ìbú rẹ̀ kò ju píksẹ́ẹ̀lì 320 lọ, kí fóònù má bàa ṣẹ́ ìlà sí méjì. Lógò jẹ́ fáìlì PNG oníwọ̀n 240 × 80 tí kóòdù ní kó hàn ní 120 × 40, kó lè mọ́ lórí fóònù tó ń fi píksẹ́ẹ̀lì méjì ya ọ̀kan. Ìwúwo rẹ̀ kò tó 12 KB. Wọ́n kọ width="120" sára àmì àwòrán gan-an, nítorí Outlook àtijọ́ ti Windows, láti ẹ̀dà 2007, ń fi ẹ̀rọ Word ya lẹ́tà, kò sì ka max-width sí. Ìgbà tí wọn kò tíì kọ ọ́, lógò náà hàn ní ìlọ́po méjì lọ́dọ̀ oníbàárà kan tó ń lo Outlook.

Orí wẹ́ẹ̀bù ilé-iṣẹ́ ni fáìlì lógò wà, pẹ̀lú líǹkì https. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sí Google Drive, ó sì ń hàn sí gbogbo òṣìṣẹ́ láìsí ìṣòro, nítorí wọ́n ní àṣẹ láti wò ó. Àwọn tó wà níta kò ní àṣẹ yẹn, àpótí òfìfo ni wọ́n rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa fi àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ dán ìbuwọ́lù wò. Wọn kò lo irú àwòrán tí wọ́n ń pè ní SVG, Gmail kì í fi í hàn. Wọn kò sì rọ àwòrán sínú kóòdù, torí Gmail kì í fi ìyẹn náà hàn. Wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí ọ̀rọ̀ àfidípò àwòrán, kí ẹni tí ímeèlì rẹ̀ ti dí àwòrán, tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò dáa, ṣì lè mọ ibi tí lẹ́tà ti wá. Lógò náà ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yíká, kó má bàa rì sínú òkùnkùn lórí fóònù tí wọ́n ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń ra ọjà fi hàn ìdí tí ìwúwo fi ṣe pàtàkì. Ẹnì kan níbẹ̀ lẹ àwòrán 1.5 MB mọ́ ìbuwọ́lù Outlook rẹ̀. Bí àwòrán bá wọ inú lẹ́tà, ìlànà tí ímeèlì fi ń dì í ń fi nǹkan bí ìdámẹ́ta kún un, ó di 2 MB. Lẹ́tà “Mo ti rí i, ẹ ṣeun” ń jẹ 2 MB dátà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á.

Gbígbé e sórí ímeèlì

Ọ̀nà méjì ni Google Workspace fi sílẹ̀, wọ́n lo méjèèjì. Ọ̀kan ni ìlà ìsàlẹ̀ tí alámòójútó lè fi mọ́ gbogbo lẹ́tà tó ń jáde, láti inú ètò Gmail nínú Admin console, ní apá Compliance. Sáfà fúnra rẹ̀ ló ń fi í kún un, nítorí náà kò sí áàpù tó lè sá fún un. Àmọ́ ohun kan náà ló ń kọ fún gbogbo èèyàn. Kò lè fi orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i, ìdí lẹ́tà pátápátá ló sì máa ń wà. Bí lẹ́tà bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ó lè hàn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́ ní kíkún àti nọ́ńbà RC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, CAMA, ní kí méjèèjì hàn lórí lẹ́tà iṣẹ́, kò sì bọ́gbọ́n mu láti ka ímeèlì sí ohun mìíràn. Àwọn ìpínrọ̀ gígùn tó ń kìlọ̀ pé àṣírí ni lẹ́tà yìí, wọ́n yọ wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n, wọ́n sì ń bo lẹ́tà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yí ètò yìí padà, ó lè gba wákàtí 24 kó tó dé ibi gbogbo, ẹni tó bá dán an wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún má ṣe rò pé kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni Gmail API, ìyẹn ọ̀nà tí kóòdù ń gbà bá Gmail ṣiṣẹ́, èyí tó ń kọ ìbuwọ́lù HTML sínú ímeèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan láìbéèrè password rẹ̀. Wọ́n dá service account kan, ìyẹn àkáǹtì tí kóòdù ń lò dípò èèyàn, wọ́n fún un ní àṣẹ lórí gbogbo ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n fún gmail.settings.basic, ìyẹn ètò inú Gmail, nìkan. Àṣẹ tó ju èyí lọ léwu. Kọ́kọ́rọ́ service account tó lè ka lẹ́tà gbogbo èèyàn kò yẹ kó wà nílẹ̀ nítorí ìbuwọ́lù. Àwòṣe kan ṣoṣo ni kóòdù ń kà. Ó ń fi ohun tó wà nínú ìlà ìwé orúkọ dípò àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì {}, ó ń yọ ìlà fóònù ọwọ́ kúrò bó bá ṣófo, lẹ́yìn náà ló fi ránṣẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró lórí ẹni kọkàndínlógún. Àlàfo kan tí ojú kò rí wà lẹ́yìn ímeèlì ẹni náà nínú ìwé, Google kò mọ ọ́n, kóòdù sì kú síbẹ̀. Èèyàn 18 ní ìbuwọ́lù tuntun, 28 ṣì wà ní ti àtijọ́, kò sì sí àkọsílẹ̀ tó sọ ẹni tó kàn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí kóòdù gé àlàfo kúrò lára gbogbo òpó, kí àṣìṣe ẹnì kan má dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó sì kọ àbájáde àti ọjọ́ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú ojú ìwé kan lọ́tọ̀.

Ìgbà kejì, iná lọ. Kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì Adó ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, kò sì sí iná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé kóòdù náà lọ sí Google Apps Script, níbi tí aago rẹ̀ ti ń jí i fúnra rẹ̀ láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí, yálà iná wà ní Adó tàbí kò sí. Ó yẹ kó máa tún un ṣe lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, torí pé Gmail kò ní ibi tí alámòójútó ti lè ti ìbuwọ́lù pa. Òṣìṣẹ́ lè yí tirẹ̀ padà nígbà tó bá fẹ́. Bó bá yí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé yóò dá a padà.

Wọ́n fẹ́ẹ̀ má rántí àwọn àdírẹ́ẹ̀sì kejì. Ẹni méje ló ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ka títà ránṣẹ́ láti inú ímeèlì tara wọn. Àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan tí èèyàn fi ń ránṣẹ́ nínú Gmail ló ní ìbuwọ́lù tirẹ̀, kóòdù tó bá kan ti àkọ́kọ́ nìkan kò kan ìyókù. Oníbàárà tó ń bá ẹ̀ka títà sọ̀rọ̀ ṣì ń rí lógò pupa títí di ọ̀sẹ̀ kẹta, kí wọ́n tó mọ ìdí. Kóòdù ti wá ń béèrè gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ Google báyìí, kí ó tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti orí fóònù, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọkùnrin kọ̀ǹpútà lọ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan fún ibì kan. Ó yọ ímeèlì ilé-iṣẹ́ kúrò nínú áàpù tó bá fóònù wá, ó fi áàpù Gmail sí i, ó sì rí i dájú pé àyè ìbuwọ́lù fóònù ṣófo, kí ti orí kọ̀ǹpútà lè jáde. Kí ó tó kúrò, òṣìṣẹ́ náà yóò fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ lójú rẹ̀ sí àdírẹ́ẹ̀sì àyẹ̀wò. Ìjerò àti Ìkọ̀lé ló gba àkókò jù, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti ní ìlànà tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yóò kọ “ti lọ” sí ìlà rẹ̀, kò ní pa ìlà náà rẹ́. Wọ́n á yí password rẹ̀ padà, wọ́n á sì fi ìdáhùn aládàáṣiṣẹ́ sí i fún 30 ọjọ́, èyí tó ń sọ orúkọ àti fóònù ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti àkáǹtì ímeèlì náà pa, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ á sì di ti ọ̀gá ẹ̀ka.

Ẹni méjì ní ẹ̀ka tó ń ra ọjà ṣì ń lo Outlook, nítorí fáìlì àtijọ́ tó wà níbẹ̀. API kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú fódà Signatures, lábẹ́ AppData nínú Windows, ni ìbuwọ́lù wọn wà, gẹ́gẹ́ bíi fáìlì .htm, .rtf àti .txt, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí nǹkan bá yí. Orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé àbájáde pẹ̀lú àmì pupa. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ síta láti ọ̀dọ̀ wọn, ọ́fíìsì àgbà á sì ṣí i wò.